Imatinib àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ CML: Ìyàtọ̀ Láàárín Ìwòsàn àti Ìkápá

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí imatinib, oògùn ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ti ṣe fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ CML. Àrùn yìí ṣọ̀wọ́n: ènìyàn kan tàbí méjì nínú 100,000 ló ń mú lọ́dún. Kì í ṣe àrùn ìdílé. Nínú mùdùnmúdùn eegun ni kúrómósóómù kẹsàn-án àti ìkejìlélógún ti já, tí wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀. Èyí ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun máa pọ̀ láìdáwọ́dúró. Imatinib ló ń dí i lọ́wọ́.

Ní ọdún 2000 ni ìwádìí IRIS bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn 1,106. Lẹ́yìn ọdún 10, nǹkan bí 83 nínú 100 àwọn tó fi imatinib bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà láàyè. Láti 2003 ni àwọn aláìsàn wa náà ti ń rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, nípasẹ̀ ètò ìrànwọ́.

Ṣùgbọ́n bí ara bá ti yá, aláìsàn a ní òun ti wòsàn, a sì pa oògùn tì. Àrùn a tún gbérí. Kíkápá ni oògùn náà ń kápá àrùn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Dókítà nìkan ló lè ní kí ènìyàn dáwọ́ dúró, lẹ́yìn àyẹ̀wò ọlọ́dún púpọ̀. Síbẹ̀, àrùn ń padà sára nǹkan bí ìdajì irú wọn.

Nítorí náà, kí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì. ‘Ó ti wòsàn’ yàtọ̀ sí ‘a ti kápá rẹ̀’. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè gba ẹ̀mí là nílé ara rẹ̀.