Fúrẹ́jọ̀n

Fúrẹ́jọ̀n, tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ ní frejon, ni ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi wàrà àgbọn àti ṣúgà sè, tí àwọn ará Èkó, pàápàá àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà, máa ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Inú ọ̀rọ̀ Potogí náà feijão, tí í ṣe ẹ̀wà, ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Àwọn tí wọ́n padà bọ̀ láti Bràsíl ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n mú un wá. Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà, tàbí ọmọ irú wọn, ni púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí ṣáájú rẹ̀ ní ìlú Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira lára. Wọ́n lé àwọn kan jáde. Àwọn mìíràn fúnra wọn san owó ọkọ̀. Àwọn tó sọ̀ sí Èkó tẹ Pópó Àgùdà dó. Ní Accra, ẹgbẹ́ kan gúnlẹ̀ ní ọdún 1836, Nii Ankrah ti Otublohum sì gbà wọ́n sílẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí ibi tí ọjà Kantamanto wà lónìí. Àwọn ni a ń pè ní Tabom, láti inú gbólóhùn Potogí kan tó túmọ̀ sí "ó dára". Aṣọ rírán àti kànga gbígbẹ́ ni a fi mọ̀ wọ́n jù níbẹ̀. Ní Porto-Novo ẹ̀wẹ̀, àwọn Àgùdà ṣì ń se feijoada níbi ọdún Bonfim tí wọ́n ń ṣe ní oṣù kìíní.

Feijoada yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa pe fúrẹ́jọ̀n ní ọmọ rẹ̀. Èrò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran màlúù gbígbẹ ni wọ́n fi ń se feijoada, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ìjọ ka ẹran léèwọ̀ ni fúrẹ́jọ̀n wà fún. Ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ni feijão de leite ti Bàhíà: ẹ̀wà tí a lọ̀, tí a fi wàrà àgbọn àti ṣúgà sè, tí àwọn ìdílé ibẹ̀ sì ń gbé sílẹ̀ pẹ̀lú ẹja ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Oúnjẹ kan náà, ọjọ́ kan náà, ní èbúté méjèèjì.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀wà dúdú kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ẹ̀wà ìbejì ni àwọn àgbà fẹ́ràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà pupa ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò báyìí. A ó sè é títí yóò fi rọ̀ dáadáa, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí èèpo má bàa kù sínú rẹ̀. A ó rin àgbọn, a ó da omi gbígbóná lé e, a ó fún un. Wàrà yìí ni a ó pò mọ́ ẹ̀wà lórí iná tí kò le, tí a ó máa rò ó láìdáwọ́dúró, nítorí ó yára jó nídìí ìkòkò. Ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ ló kù. Àwọn ìdílé kan a máa fi kókò sí i. Ẹ̀rọ ìlọta ti gba iṣẹ́ ọlọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fo asẹ́ kò tíì se fúrẹ́jọ̀n: ìyẹ̀fun èèpo ló máa bá lẹ́nu.

Ọbẹ̀ ata àti ẹja díndín ni a fi ń jẹ ẹ́, adùn àti ata lójú àwo kan. Ọ̀pọ̀ a tún wọ́n gàárì gbígbẹ lé e lórí. Ibi gàárì yìí gan-an ló yẹ kí a dúró sí. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ yíyan ni àwọn ará Bràsíl ń wọ́n sórí ẹ̀wà wọn títí di òní, àwọn òpìtàn sì gbà pé àwọn tó ti Bràsíl bọ̀ wà lára àwọn tó jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ yíyan gbilẹ̀ ní agbègbè Èkó. Ẹni tó ń mu gàárì lójoojúmọ́ kì í rò pé òun ń jẹ oúnjẹ Àgùdà.

Ẹrù kì í sì í ṣe ti àbọ̀ nìkan. Àkàrà tí àwọn obìnrin Yorùbá ń dín ní Bàhíà ló di acarajé, tí wọ́n ń fi epo pupa dín ní ìgboro Salvador.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé Ilọ́jọ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Casa do Fernandez, ọ̀kan lára àwọn ilé Àgùdà tó lókìkí jù ní Èkó, bí ìjọba tilẹ̀ ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti kó kúrò ní Erékùṣù lọ sí àwọn àdúgbò mìíràn. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, abọ́ fúrẹ́jọ̀n ṣì ń ti ilé kan dé èkejì, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí kì í ṣe Àgùdà, tí kì í ṣe Kristẹni pàápàá.