Nígbà Tí Àwọn Tó Ní Ọ́tísìmù Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Gbẹnu Sọ Fún Ara Wọn

Ọ́tísìmù jẹ́ ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń dàgbà láti kékeré. Ó máa ń hàn nínú bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, nínú bí ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára rẹ̀, àti nínú bó ṣe máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní 2021, ẹnì kan nínú èèyàn 127 ló ní in. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe olùkọ́, àwọn kan ń ṣe ẹnjiníà, àwọn mìíràn kò sì ní fi ẹnu sọ gbólóhùn kan títí ọjọ́ ayé wọn. Kò sí oògùn tó ń mú un kúrò, kì í sì í ràn. Ọmọ tó bá ní in yóò bá a dàgbà, yóò bá a darúgbó. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí, ẹnu òbí àti dókítà ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ọ.

Ó ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọra. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru ìyá: wọ́n ní ìyá tí kò yá mọ́ ọmọ ló ń sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí ọ̀kan lára wọn, Bruno Bettelheim, ṣe ní 1967 tan èrò yìí ká gan-an, àìmọye abiyamọ ló sì fi omijé gbé ẹ̀sùn tí wọn ò mọ̀dí rẹ̀ mì. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìwé yẹn ni Bernard Rimland, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí òun náà bí ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ti ṣàlàyé pé inú ara ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé ọwọ́ ìyá mọ́. Àwọn òbí kóra jọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, wọ́n sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1965. Àwọn ló jà kí ilé ẹ̀kọ́ gba àwọn ọmọ náà wọlé, láyé tí ọ̀pọ̀ dókítà ń sọ pé kí wọ́n kó wọn pa mọ́ sílé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ, kí wọ́n gbàgbé wọn síbẹ̀. Ká má purọ́, gudugudu méje làwọn òbí yẹn ṣe. Àmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ wọn fi máa di géńdé, ó ti mọ́ gbogbo ayé lára láti máa ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ wọn láì pè wọ́n sí i.

Àwọn mìíràn ti ṣáájú wọn nínú kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn máa gbẹnu sọ fún ara rẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn ọ̀dọ́ ní Sweden tí òye wọn kì í tètè jí ní ẹgbẹ́ tiwọn, tí wọ́n ti ń yan alága, tí wọ́n sì ń dìbò. Ní 1974, irú wọn ní Oregon ní Amẹ́ríkà ṣe àpérò lábẹ́ orúkọ People First, torí wọ́n fẹ́ kí aráyé kọ́kọ́ rí wọn bí èèyàn kí wọ́n tó rí àìlera wọn. Àwọn akanda ẹ̀dá ní Gúúsù Áfíríkà náà wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ kan tó wá tàn kálẹ̀ lárugẹ: pé kí ẹnikẹ́ni má pinnu ohunkóhun nípa àwọn lẹ́yìn àwọn.

Àwọn tó ní ọ́tísìmù kò tètè rí ara wọn. Wọ́n fọ́n káàkiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì fojú kan ẹlòmíì tó dà bí tirẹ̀ rí. Lẹ́tà ni àwọn díẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ní 1992, Donna Williams, ará Ọsirélíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, wá sí Amẹ́ríkà, òun àti Jim Sinclair, tó ní ọ́tísìmù bíi tirẹ̀, sì lọ sọ́dọ̀ Kathy Grant, tí òun náà ní in, ní ìlú St. Louis. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbé fún ọjọ́ mélòó kan. Sinclair kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ṣe ló rí lára òun bí ẹni tó ti ń gbé láàárín àjèjì látìgbà tí wọ́n ti bí i, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ará ìlú rẹ̀ pàdé. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n dá Autism Network International sílẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn tó ní ọ́tísìmù ń darí fúnra wọn.

Ní 1993, níbi àpérò àgbáyé kan ní Toronto ní Kánádà, Sinclair dojú ọ̀rọ̀ kọ àwọn òbí. Ọ̀rọ̀ náà le. Ó ní nígbà tí dókítà bá sọ fún òbí pé ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísìmù, ọ̀fọ̀ ọmọ tó ń retí ni òbí náà ń ṣe, ọmọ tí kò wá sáyé rárá. Bó bá fẹ́ sunkún ọmọ yẹn, kó sun ún, ṣùgbọ́n kó má sun ún lé ọmọ tó wà láàyè lórí, èyí tó ń wo ojú rẹ̀. Ó ní kò sí ọmọ mìíràn tó sá pa mọ́ sẹ́yìn ọ́tísìmù. Bí òbí bá ń gbàdúrà kí ó kúrò lára ọmọ, ohun tí ọmọ náà ń gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ kí òun kúrò, kí ẹlòmíì wá gba ipò òun. Inú bí àwọn òbí kan. Àwọn mìíràn gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì ṣì ń fún òbí tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀ pé kó kà á.

Ibi tí Autism Network International ti fi hàn jù lọ pé ó mọ ohun tó ń ṣe ni Autreat, ìpàgọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1996 ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n sì ń ṣe títí di 2013. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fín lọ́fínńdà wá, nítorí òórùn tí imú ẹlòmíì kò kà sí lè ba ọjọ́ jẹ́ mọ́ ẹni tó ní ọ́tísìmù lọ́wọ́. Kò sí ìpàdé tó pọn dandan. Ẹni tó bá fẹ́ dá jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló dé. Wọ́n sì ní báàjì aláwọ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ́ pupa, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Ìyeyè túmọ̀ sí pé kìkì ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó wá. Àwọ̀ ewé ló jinlẹ̀ jù: ẹni tó kọ́ ọ ń sọ pé òun fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, àmọ́ òun kò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíì jọ̀wọ́ kọ́kọ́ kí òun. Nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí wọ́n ti ń fi ìkíni wọn ìwà ọmọ, ọmọ tó dákẹ́ níwájú àgbà ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́ kó tó lanu. Àwọ̀ ewé yẹn fi hàn pé ó lè jẹ́ pé ìkíni náà wà lọ́kàn rẹ̀, tó kàn há sí i lọ́fun ni. Láti 2005 ni àwọn ará Bírítéènì náà ti ń ṣe tiwọn, Autscape. Níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n ń jù lókè dípò àtẹ́wọ́, nítorí pé àtẹ́wọ́ gbọ̀ngàn tó kún lè dun ẹlòmíì létí bí ẹgba.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ di ìjà gbangba. Ní 2006, Ari Ne'eman, tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, àti Scott Robertson dá Autistic Self Advocacy Network sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2007, ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé kan ní Yunifásítì New York lẹ ìpolówó káàkiri ìlú, tí wọ́n kọ bí lẹ́tà ajínigbé: ọ́tísìmù ń fọ́nnu pé ọmọ yín ti wà lọ́wọ́ òun. Ẹgbẹ́ náà kó àwọn ẹgbẹ́ akanda ẹ̀dá mìíràn jọ, lẹ́tà rọ́ dé lọ́tùn-ún lósì, kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n ti ká ìpolówó náà kúrò. Ní 2009, Ààrẹ Obama yan Ne'eman sínú ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ akanda ẹ̀dá. Autism Speaks, ẹgbẹ́ olówó ńlá tí òbí-àgbà ọmọ kan dá sílẹ̀ ní 2005, náà ò rí ọ̀rọ̀ wọn tì sẹ́yìn. Ní 2013, John Elder Robison, òǹkọ̀wé tó ní ọ́tísìmù, fi ìgbìmọ̀ wọn sílẹ̀ nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ nípa irú òun. Ní 2016, ẹgbẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ wíwá ìwòsàn kúrò nínú ohun tó ní òun wà fún.

Ìjà kan wà tí kò tíì tán. Ní Judge Rotenberg Center ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n máa ń fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì gbọn àwọn kan tó ní ọ́tísìmù lára láti fi jẹ wọ́n níyà. Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fòfin de ẹ̀rọ náà ní 2020, ilé ẹjọ́ wọ́gi lé òfin náà ní 2021, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tún agbára àjọ náà ṣe ní 2022, àjọ náà sì tún dábàá òfin mìíràn ní 2024.

Àwọn tí kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní 2007, Mel Baggs, tó ní ọ́tísìmù, ṣe fíìmù kékeré kan. Ní apá àkọ́kọ́, ó ń kùn, ó ń mi ọwọ́, ó ń fi ìka kan omi tó ń ṣàn. Ní apá kejì, ó tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ohùn ẹ̀rọ sì ń ṣàlàyé pé ohun tí aráyé kà sí ìranù yẹn ni ọ̀nà tí òun ń gbà bá gbogbo ohun tó yí òun ká sọ̀rọ̀. Pátákó alálífábẹ́ẹ̀tì, àwòrán àti tábúlẹ́ẹ̀tì ti la ẹnu ọ̀pọ̀ irú wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká ṣọ́ra: ọ̀nà kan wà tí ẹlòmíì ti máa ń di ọwọ́ ẹni náà mú bó ṣe ń tẹ̀wé, àyẹ̀wò lóríṣiríṣi sì ti fi hàn pé ẹni tó di ọwọ́ mú ló ń sọ̀rọ̀, láìmọ̀.

Ìwádìí lórí ọ́tísìmù pẹ̀lú ti ń yí padà. Ní 2012, Damian Milton, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Bírítéènì tí òun náà ní ọ́tísìmù, kọ ọ́ pé tọ̀túntòsì ni àìgbọ́raẹniyé: bí ẹni tó ní in kò ṣe mọ inú ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíì kò mọ inú tirẹ̀. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Edinburgh to èèyàn ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, ẹni àkọ́kọ́ sọ ìtàn fún ìkejì, títí dé ìkẹjọ. Láàárín àwọn tí gbogbo wọn ní ọ́tísìmù, ìtàn náà dé òpin dáadáa bíi ti àwọn tí kò ní in. Níbi tí wọ́n ti pò wọ́n pọ̀ ló ti sọnù jù. Àyẹ̀wò tó tóbi ju ìyẹn lọ ní 2025, pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 300, kò rí àdánù yẹn mọ́ láàárín àwọn tó dà pọ̀, ṣùgbọ́n òun náà rí i pé àwọn tó ní ọ́tísìmù kò kẹ́yìn nínú ìsọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà fún àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn tó ní ọ́tísìmù ń darí. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún 25, tó ṣì ń forí gbá ògiri, tí kò sì lè dá wẹ̀, máa ń béèrè pé kí ló kan ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú gbọ̀ngàn nínú ọ̀rọ̀ ọmọ òun. Irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2019. Ìrora wọn kì í ṣe irọ́, àwọn tó bá sì fi wọ́n ṣẹ̀sín kò gbọ́n. Àmọ́ àwọn agbẹnusọ náà ní èsì: àwọn wà lára àwọn tó pariwo lórí ẹ̀rọ iná Massachusetts, ara àwọn tí òbí yẹn ń sọ ni wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ náà gbọn.

Ní ti ìtìlẹ́yìn ojoojúmọ́, ọ̀kan lára ohun tó wúlò jù ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti ṣèpinnu. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá pé ọdún 18 ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òbí á lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sọ òun di alágbàtọ́ rẹ̀, ọmọ náà kò sì ní lè buwọ́ lùwé fúnra rẹ̀ mọ́. Texas ló kọ́kọ́ ṣòfin mìíràn, ní 2015: ẹni náà yóò yan àwọn tó fọkàn tán, ẹ̀gbọ́n, ìyá tàbí ọ̀rẹ́, wọn yóò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yékéyéké fún un, òun ni yóò sì fọwọ́ sí i. Nílé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ wá síbi ìpàdé tí wọ́n bá ti ń sọ ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn aláwọ̀ dúdú nínú wọn ní ẹrù mìíràn: ọmọ tó ń mi ọwọ́, tí kò wo ọlọ́pàá lójú, ọlọ́pàá lè rò pé ó fẹ́ fa wàhálà. Ní 2017, Morénike Giwa Onaiwu, tó bí ọmọ tó ní ọ́tísìmù tí òun náà sì ní in, wà lára àwọn tó ṣàkójọ ìwé tí àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun fi sọ tẹnu ara wọn.

Ní Nàìjíríà, àwọn òbí ló ṣì wà níwájú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ọ̀dọ̀ aláfàá dé ọ̀dọ̀ babaláwo kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ ọ́tísìmù rárá; àwọn kan ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni ọmọ, àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Òbí ọmọ tó ní ọ́tísìmù ló dá ilé ẹ̀kọ́ Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2006. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tirẹ̀ lórí akanda ẹ̀dá ní 2011, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù Kìíní 2019: ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ yóò san mílíọ̀nù kan náírà, ó sì ní kí àwọn akanda ẹ̀dá tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba. Lára ohun tí òfin náà là sílẹ̀ kedere ni ọ̀rọ̀ ilé àti ọkọ̀ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀. Ẹni tó ní ọ́tísìmù lè má nílò ìyẹn. Ohun tó lè nílò ní báńkì ni ìjókòó tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, ìwé tó sọ ohun tó kàn fún un, tàbí kí òṣìṣẹ́ má sọ pé ó ń ríni fín torí pé kò wo òun lójú. Kò sí aṣòfin tó lè fi ojú lásán rí èyí. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ irú ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 ti di géńdé báyìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ilé àti ìgbéyàwó ló kàn wọ́n, òfin méjèèjì yìí sì wà lára ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ láti fi béèrè fún wọn.