Iyanrìn Ojú Àwòrán: Yíya Fọ́tò Ẹyẹ Inú Igbó Nígbà Tí Ìmọ́lẹ̀ Kò Tó

Ìfáárà

Nínú ẹbí ẹ̀ga, ẹyẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Malimbus ibadanensis. J. H. Elgood ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1958, orúkọ ìlú Ìbàdàn ni ó sì fi pè é. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí a ti mọ̀ ọ́n àyàfi ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ó sì wà lára àwọn ẹ̀dá tí ìparun ń dẹkùn fún. Igbó tí ó wà nínú ọgbà IITA ní Ìbàdàn, èyí tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà, wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwòrán jẹ́rìí pé òun rí ẹyẹ yìí ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹyẹ mìíràn, Malimbus rubricollis, jọ ọ́ púpọ̀: ara dúdú, orí pupa. Ìyàtọ̀ pàtàkì ni pé pupa ara akọ ibadanensis sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, ti rubricollis kò sì dé ibẹ̀. Ìwọ̀nba ìyẹ́ tí ó wà láyà ni ẹ̀rí náà dúró lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, orí igi gíga ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ máa ń wà, àárọ̀ kùtù ni ó máa ń jẹ̀ kiri jù, ewé a sì máa ṣíji bò ó. Ayafọ́tò a gbé ISO kámẹ́rà rẹ̀ sókè dé 6400, bóyá 12800 pàápàá. Nígbà tí ó bá wá wo àwòrán náà, yóò dà bí ẹni pé ẹnì kan bu iyanrìn dà sí i lójú. Ibi tí iyanrìn yìí ti ń wá, bí a ṣe lè dín in kù, àti ibi tí dídín in kù ti lè di bíba ẹ̀rí jẹ́, ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kò ṣeé fò dá. Ariwo ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, nítorí pé láti inú iṣẹ́ tẹlifóònù àti rédíò ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú iṣẹ́ àwòrán. Ṣùgbọ́n lédè Yorùbá, etí ni ó ni ariwo. Bí olùkọ́ bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ariwo wà nínú fọ́tò, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á. "Iyanrìn àwòrán" sọ ohun tí ojú rí, òun ni iṣẹ́ yìí yóò sì máa lò.

Orísun iyanrìn

Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Hóró hóró ni ó ń dé, bí ẹ̀kán òjò. Kí olùkàwé fojú inú wo igbá tí a tò sí gbangba nígbà tí òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, igbá kan lè ti gba ẹ̀kán méje, èkejì mọ́kànlá, ẹ̀kẹta mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ òjò kan náà ni ó rọ̀ sí gbogbo wọn. Bí ó bá jẹ́ òjò ńlá ni, tí ó sì pẹ́, gbogbo igbá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún irú igbá bẹ́ẹ̀ ni ó wà lójú agbamọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá yẹ kí ó gba hóró ìmọ́lẹ̀ 100, iye tí yóò gbà ní ti gidi lè fi nǹkan bí 10 lé tàbí kí ó fi dín, èyí tí í ṣe ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ 10,000 ni, nǹkan bí 100 ni yóò fi lé tàbí dín, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Àìdọ́gba yìí ni ojú ń rí bí iyanrìn. Ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ni a nílò kí ó tó lè dín sí ìdajì.

Níbí ni àṣìṣe kan ti wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ISO ni ó ń dá iyanrìn sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. ISO kò fi hóró ìmọ́lẹ̀ kan kún èyí tí ó wọlé; ohun tí a ti gbà tán ni ó ń gbé sókè, bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe ń gbé ohùn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sókè tòun ti híhan tí ó wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀rù ISO bà, tí ó dá a padà sí 800 láìyí ohunkóhun mìíràn padà, òjò wínníwínní kan náà ni ó gbà. Àwòrán rẹ̀ yóò ṣókùnkùn. Nígbà tí ó bá sì fi kọ̀ǹpútà tan ìmọ́lẹ̀ sí i, iyanrìn yóò yọjú padà. Nínú kámẹ́rà mìíràn, ó tilẹ̀ máa ń burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé àwọn ẹ̀yà iná inú kámẹ́rà ní iyanrìn tiwọn tí wọ́n ń fi kún un, kọ̀ǹpútà yóò sì gbé ìyẹn náà sókè.

Nínú igbó

Ìmọ́lẹ̀ ni kí ayafọ́tò máa wá kí ó tó ronú kan ISO. Ihò lẹ́ńsì ni àkọ́kọ́: f/4 ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ní ìlọ́po mẹ́rin ti f/8. (Nọ́ńbà kékeré ni ihò ńlá, ọ̀rọ̀ yìí kì í tètè yé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.) Èkejì ni àkókò. Ẹyẹ tí ó ń fò nílò ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán. Èyí tí ó bà jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀ka lè gba ìdá kan nínú 250, ìyẹn náà ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀. Kí ayafọ́tò ya mẹ́wàá léraléra, ọ̀kan nínú wọn yóò dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá di dandan láti yan ọ̀kan, kí ó gbé ISO sókè. Àwòrán oníyanrìn ṣì ṣeé tún ṣe; èyí tí ó ṣe bàìbàì nítorí pé ẹyẹ mira, ìyẹ́ àyà rẹ̀ ti lọ.

Sísúnmọ́ ẹyẹ, láìdà á láàmú, ṣe pàtàkì ju ìwọ̀nyí lọ. Ẹni tí ó dúró sí ọ̀nà jíjìn, tí ó wá gé ìdá kékeré nínú àwòrán láti fi ṣe ńlá, iyanrìn náà ni ó ń sọ di ńlá. Fíláàṣì kì í sábà ran ẹni lọ́wọ́ níbi tí igi ga dé yìí. Ó tún yẹ kí a ṣọ́ra fún pupa: bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù lórí rẹ̀, ó máa ń jóná di àbàwọ́n kan ṣoṣo tí kò ní ìlà ìyẹ́ nínú mọ́.

Ní iwájú kọ̀ǹpútà

Fáìlì RAW, ìyẹn èyí tí kámẹ́rà kò tíì sè, ni kí a fi pamọ́, kì í ṣe JPEG nìkan. Iyanrìn aláwọ̀, àwọn tóótòòtó pupa àti àwọ̀ ewé, ṣeé gbá kúrò púpọ̀ láìpa ẹyẹ lára. Iyanrìn dúdú-òun-funfun ni ó le, nítorí pé ìlà ìyẹ́ tínńtínní àti iyanrìn jọ ara wọn. Ẹni tí ó bá gbá a jù, ẹyẹ rẹ̀ yóò dán bí ọṣẹ. Dídín àwòrán kù pàápàá ń ṣiṣẹ́: bí a bá sọ píksẹ́lì mílíọ̀nù 24 di 6, mẹ́rin mẹ́rin yóò para pọ̀ di ọ̀kan, iyanrìn yóò sì dín sí ìdajì.

Ní ọdún 2020, DxO gbé DeepPRIME jáde. Ní 2023, Adobe fi irú rẹ̀ kún Lightroom. Ẹgbàágbèje àwòrán ni wọ́n fi kọ́ àwọn ètò wọ̀nyí, iṣẹ́ wọn sì yani lẹ́nu. Ewu wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú: níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti mú ìyẹ́ wá, ètò náà lè ya ìyẹ́ tí ó rò pé ó yẹ kí ó wà. Lójú ẹni tí ó fẹ́ àwòrán ẹlẹ́wà, kò sí aburú nínú èyí. Ní ti ẹyẹ tí pupa àyà rẹ̀ ni a fi ń mọ irú ẹ̀yà tí ó jẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀dà tí a gbá mọ́ lè lọ sára ògiri kíláàsì. Fáìlì RAW, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ibi tí a ti yà á, àti gbogbo iyanrìn ojú rẹ̀, ni kí ó lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ẹyẹ.