Bò, yọ àti gbó: ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ń fi àgbà sínú òkùnkùn

Ní Alajue níbí, nínú ìlú Ẹdẹ, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni mo sábà máa ń gbọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí ọmọlójú rẹ̀ ti funfun: nǹkan ti "bò" ó lójú, dókítà fẹ́ "yọ" ojú rẹ̀, kó ní sùúrù kó "gbó" ná. Cataract ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà. Iṣẹ́ èdè ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kì í ṣe dókítà ojú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a bá fi pe nǹkan ló máa ń sọ ohun tí a ó ṣe sí i. Ẹ jẹ́ ká yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

Ká mú "bò". Ohun tó bá bo nǹkan, òde ló wà. A lè ká a kúrò, a lè fọ̀ ọ́ dànù. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń kán oríṣiríṣi nǹkan sójú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó bo ojú náà. Dígí kékeré kan wà nínú ẹyinjú, lẹ́yìn ọmọlójú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Dígí yìí gan-an ló ṣú, bí omi ẹyin ṣe ń funfun tí a bá sè é. Ta ló lè sọ ẹyin sísè di tútù padà? Ọjọ́ orí ló sábà ń fà á. Àtọ̀gbẹ àti ìfarapa náà lè fà á.

Ọ̀rọ̀ "bò" yìí náà ni àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú kiri fi ń jẹun. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ti dígí náà ṣubú sínú ẹyinjú. Ọmọlójú á tún dúdú, aláìsàn á rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gbowó, ó di gbére. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé lórí nítorí àìsàn yìí, ó lé ní 40 tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún un. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló fọ́.

"Yọ" ní tiẹ̀, ẹ̀rù ló ń dá báni. Kò sẹ́ni tó ń yọ ẹyinjú. Wọ́n á fi oògùn pa ìrora ojú, wọ́n á la ojú ihò kékeré kan, wọ́n á mú dígí tó ṣú jáde, wọ́n á fi ti oníke sípò rẹ̀. Kì í sábà tó wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ló sì ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Dókítà Harold Ridley ló kọ́kọ́ fi irú dígí bẹ́ẹ̀ sójú èèyàn, ní London, ní 1949. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ti rí i pé èérún ike ọkọ̀ òfuurufú tó wọ ojú àwọn awakọ̀ kò bá ojú wọn jà.

"Gbó" ti wúlò rí, nígbà tí irinṣẹ́ àtijọ́ ń fẹ́ dígí tó le. Ní báyìí, tí ojú kò bá ti jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ yín tàbí dá èèyàn mọ̀ mọ́, àsìkò ti tó. Tó bá gbó jù, ó lè wú, kó ba ojú náà jẹ́ pátápátá.

Iṣẹ́ abẹ yìí kò lè dá ohun tí glaucoma ti gbà padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ inú ojú wò kí wọ́n tó ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fọwọ́ ra ojú. Ẹ máa kán oògùn tí wọ́n fún yín. Tó bá ń dunni gan-an, tó pọ́n, tàbí tí ìríran dínkù, ẹ padà lọ kíákíá.

Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé ìwòsàn ńlá Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ àti UCH n'Ìbàdàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ìyá tàbí bàbá yín lọ, ẹ má sọ pé wọ́n fẹ́ yọ ojú wọn. Ẹ sọ pé dígí inú ojú ti ṣú, wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, kò sì ní lé àgbà sá.