Ohun tí Orin Fi Pamọ́: Bí A Ṣe Lè Túmọ̀ Orin Ẹ̀fẹ̀

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Orí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni orin ẹ̀fẹ̀ dúró lé. Ẹni tó bá túmọ̀ ohun tí etí gbọ́ nìkan, ààbọ̀ ló túmọ̀.

Kí ni ẹ̀fẹ̀? Òun ni apá òru nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn ará Kétu àti àwọn aládùúgbò wọn máa ń ṣe láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ó sì wọ inú àkójọ ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2008. Ẹ̀fẹ̀ túmọ̀ sí àwàdà, ṣùgbọ́n lábẹ́ àwàdà náà ni akọrin ti ń bá àwọn oníwà burúkú wí.

Báwo ló ṣe ń bá wọn wí láì dárúkọ? Gírámà èdè wa ló ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn kan tí àwa fúnra wa hun ṣe àpẹẹrẹ: "Ó jẹ oko run." Ta ni "ó"? Ó lè jẹ́ ewúrẹ́, ó lè jẹ́ ọmọ tó ná ogún baba rẹ̀ tán, ó sì lè jẹ́ ẹni tó kó owó ìlú jẹ. Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin? Èdè wa kò béèrè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá mọ ara rẹ̀. Bó bá bínú, ó ti fi ara rẹ̀ hàn.

Wàyí o, ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Dandan ni kí a yan "il" tàbí "elle". Èyí tí a bá yàn, a ti tú ohun tí akọrin dì, tàbí kí a ti parọ́ mọ́ ọn. Bákan náà ni "wọ́n": ó lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀, ó lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo tí à ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè jẹ́ "on".

Ọ̀rọ̀-orúkọ náà ń bo nǹkan. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, "ìyá" kọjá abiyamọ, "ẹyẹ" sì kọjá ohun tó ń fò. Wọ́n ń tọ́ka sí agbára àwọn obìnrin tí a kì í fẹnu lásán dárúkọ. Ẹni tó kọ "oiseau" láìṣe àlàyé ti sọ orin náà nù.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkíní, ẹ fi àmì ohùn sí i, nítorí láìsí àmì, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀kan náà. Bí akọrin bá kọrin tán, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Èkejì, ẹ má ṣe tún ẹnu Kétu ṣe kó lè dà bí Yorùbá inú ìwé. Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà pé kí ló ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi dá orin náà. Èyí ló kánjú jù: orin lè pẹ́ lẹ́nu ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n àgbà tó mọ ìdí rẹ̀ ń lọ.

Bí a bá sì gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n fi orin bá wí, ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí a kọ sínú mémoire wa, kí a fi orúkọ sílẹ̀. Ohun tí akọrin bò lójú ọjà, kì í ṣe àwa ni kí a ṣí i.