Fáànù Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Pariwo, Tí Kò Sì Wọ́n

Ọ̀rọ̀ ọjà tòní kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, tẹ́ ẹ ń tẹ̀wé fún ará ìlú, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ra àlòkù kọ̀ǹpútà alápòótí fún ọmọ yín.

Inú àpótí yẹn máa ń gbóná. Fáànù kékeré, tí àwọn míì ń pè ní ventilateur, ló ń lé ooru náà jáde. Bí eruku ọyẹ́ bá dí i, ẹ̀rọ á máa fà bí ìgbín, á máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, á sì kú fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò tíì fi pamọ́ á bá a lọ.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ nu ún. Ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò, kẹ́ ẹ fọwọ́ di apá fáànù mú kó má yí. Nígbà míì, ariwo tán nìyẹn.

Bó bá ṣì ń han, ó ti gbó. Ohun mẹ́rin ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó ra òmíràn.

Èkíní ni ìbú. Ti 8 àti 12 sẹ̀ǹtímítà ló wọ́pọ̀. Ẹ mú èyí tó fẹ̀ jù tí àpótí yín lè gbà, torí fáànù ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́ lè fẹ́ atẹ́gùn tó ti kékeré tó ń sáré, ariwo rẹ̀ á sì kéré. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wọn àárín ihò ìṣó méjì: bó bá jẹ́ 10.5 sẹ̀ǹtímítà, ti 12 ni yóò wọ̀ ọ́.

Èkejì ni iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. RPM ni wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀. Fún ti 12 sẹ̀ǹtímítà, 1200 tàbí kó dín dára. 2000 á pariwo.

Ẹ̀kẹta ni ẹnu okùn. Oníhò 3 wà, oníhò 4 náà wà. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní àyè oníhò 4, òun ni kẹ́ ẹ rà: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á máa dín eré rẹ̀ kù bí ooru ò bá pọ̀. Ẹnu ti àwọn kọ̀ǹpútà kan yàtọ̀, nítorí náà ẹ mú ògbólógbòó fáànù yẹn dání lọ sọ́jà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí iná aláwọ̀ mèremère tàn yín. Ó ń fi kún owó, kò fi kún atẹ́gùn. Ẹ ní kí ọlọ́jà tan fáànù náà, kẹ́ ẹ fetí sí i.

Méjì ti tó: ọ̀kan níwájú tó ń fa atẹ́gùn wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn tó ń lé ooru jáde. Ẹ má gbé àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri.

Kí ẹgbẹ́ yín ka kọ̀ǹpútà tó wà lábúlé, kẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n fáànù wọn sílẹ̀, kí ẹnì kan bá gbogbo yín rà á pọ̀. Ẹ ó lè ná an dáadáa, owó ọkọ̀ á sì dín.