Iyanrìn Etíkun: Ọgbà Tí Kò Yẹ Kí A Tú

Ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, ilẹ̀ pupa ni àwọn baba ńlá fi ń mọ ilé. Lónìí, bíríkì sìmẹ́ńtì ló gbòde. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá já iyanrìn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, iye owó rẹ̀ ni onílé ń béèrè. Kì í sábà béèrè ibi tí wọ́n ti wà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì. Létí òkun, iyanrìn kì í ṣe ohun ìkọ́lé lásán. Ọgbà tó ń dáàbò bo ìlú ni.

Bí iyanrìn ṣe ń rìn

Etíkun orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gùn tó kìlómítà 125, láti ààlà Tógò títí dé ààlà Nàìjíríà. Ní ibi púpọ̀, òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, òkìtì iyanrìn tóóró sì wà láàárín. Lórí òkìtì yìí ni àwọn ènìyàn kọ́lé sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbin àgbọn sí.

Iyanrìn náà kì í dúró lójú kan. Ìgbì òkun ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́. Ó dà bí ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí wọ́n ń gba agbọ̀n lọ́wọ́ ara wọn. Èyí tí omi bá kó lọ níbì kan, òmíràn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wá dí àlàfo rẹ̀. Àwọn odò ńlá pẹ̀lú ń kó iyanrìn láti òkè wá fún òkun.

Ìṣòro dé nígbà tí ọ̀nà náà dí. Wọ́n parí ìsédò Akosombo ní Gánà ní ọdún 1965. Ti Nangbéto, lórí odò Mónò ní Tógò, tẹ̀ lé e ní ọdún 1987. Àwọn ìsédò yìí dá iyanrìn dúró sí òkè. Èbúté Kútọnu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1965, ti Lomé ní ọdún 1968. Ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ wọ inú òkun dá iyanrìn dúró sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ìhà ìlà-oòrùn kò wá rí tirẹ̀ gbà mọ́. Nígbà tí òkun kò rí iyanrìn gbé, ilẹ̀ ló ń jẹ. Ní ìlà-oòrùn Kútọnu, ilé àti ọ̀nà ti wọ inú omi. Ní Grand-Popo, òkun ti gbé apá púpọ̀ mì nínú ìlú àtijọ́ tí àwọn oníṣòwò òyìnbó kọ́.

Ẹni tó tún ń fi ṣọ́bìrì wa iyanrìn létí òkun ń ran òkun lọ́wọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nítorí náà ni ìjọba ṣe fòfin de wíwa iyanrìn etíkun. Ní ọdún 2018, ìjọba tún ṣe òfin kan lórí ààbò àti ìlò gbogbo ilẹ̀ etíkun.

Ẹnu odò tí ó di ẹnu ọba

Ibì kan wà nítòsí Grand-Popo tí omi odò Mónò àti omi ọ̀sà ti ń pàdé òkun. Àwọn òyìnbó Potogí pe ibẹ̀ ní ẹnu odò ní èdè wọn. Àwọn Faransé gbọ́ ọ bí ẹní gbọ́ ẹnu ọba. Báyìí ni orúkọ náà ṣe di Bouche du Roy. Ṣùgbọ́n ẹnu yìí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba kankan, nítorí pé ó ń ṣí kiri lórí iyanrìn. Ibi tí ó ṣí sí ní ọdún kan lè dí ní ọdún mìíràn.

Ibẹ̀ ni àwọn ará abúlé ti ya ilẹ̀ àti omi sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ìpamọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń bójú tó o, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀. Àjọ Eco-Bénin ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, UNESCO fi àgbègbè Mónò, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, sínú àwọn ilẹ̀ ìpamọ́ tí gbogbo ayé mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n tì pa. Ní apá kan, ènìyàn lè pẹja kí ó sì dáko, bí ó bá tẹ̀ lé òfin. Ní apá kejì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi. Igi tí wọ́n ń ṣọ́ jù ni ẹ̀gbà, igi inú omi iyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lókè bí ẹsẹ̀. Abẹ́ gbòǹgbò yìí ni ọmọ ẹja ti ń dàgbà. Gbòǹgbò náà sì ń di ilẹ̀ mú.

Ta ló ń ṣọ́ ọ? Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ tún pe Zangbéto. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹ̀ṣọ́ òru. Wọ́n fi ibi tí ẹ̀gbà wà sábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí kò ka ìwé òfin mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ará Ìfọ̀nyìn pẹ̀lú mọ̀ ọ́n, nítorí pé kò sí ẹni tó ń wọ igbó Orò lọ ṣẹ́gi bó ṣe wù ú. Ìjọba náà mọ agbára irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ó gbé àṣẹ jáde lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú àwọn igbó òrìṣà.

Ohun tí ń gbé inú iyanrìn

Iyanrìn tó dà bí òfìfo kún fún ẹ̀mí. Ewéko kan ń fà lórí rẹ̀ tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀dùnkún. Ìtàkùn rẹ̀ ń mú iyanrìn dúró kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ẹni tó bá fà á tu kí ilẹ̀ lè mọ́ ti tú okùn ọgbà.

Ní òru, ìjàpá òkun ń jáde wá gbẹ́ ihò sínú iyanrìn. Ó lè yé ẹyin ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì padà sínú omi. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, àwọn ọmọ rẹ̀ ń pa, wọ́n sì ń wá ọ̀nà òkun. Iná tó ń tàn létí òkun lè ṣì wọ́n lọ́nà. Ní Grand-Popo, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń kó ẹyin náà pamọ́ sínú iyanrìn tí wọ́n sọgbà yí ká, kí olè àti ajá má baà rí i jẹ.

Ẹni tí ìpamọ́ ń ná lówó

Òótọ́ kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bò mọ́lẹ̀. Ìpamọ́ ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn kan. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń wa iyanrìn ni iyanrìn. Obìnrin tó ń se iyọ̀ nílò igi ìdáná, ẹ̀gbà ló sì wà nítòsí rẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé kó má gé e, kí ni yóò fi tọ́ ọmọ?

Ọ̀nà wà. Wọ́n lè da omi iyọ̀ sórí tàpólì kí oòrùn gbẹ ẹ́. Iyọ̀ yóò kù sórí rẹ̀ láìdá iná rárá. Wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní etíkun Gínì. Àwọn mìíràn ń sin oyin, àwọn mìíràn ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò tó wá wo ẹyẹ. Níbi tí ìpamọ́ bá ti bọ́ ènìyàn, àwọn ènìyàn náà ni yóò máa ṣọ́ ọ. Níbi tí ebi bá wà, òfin nìkan kò tó.

Ìfọ̀nyìn kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Iyanrìn kì í dé láìsí ẹni tó rà á. Kí onílé tó sanwó, ó yẹ kí ó béèrè ibi tí iyanrìn ti wá. Ìbéèrè náà ń ṣe onílé alára láǹfààní. Iyọ̀ wà nínú iyanrìn òkun, iyọ̀ sì ń mú kí irin inú sìmẹ́ńtì dípẹtà. Ògiri yóò sán, òpó yóò là. Ẹni tó tú ọgbà ẹlòmíràn kọ́lé, ilé tirẹ̀ náà kì í pẹ́ dúró.